Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá ti dé Àjàṣẹ́-Ìpo rí, òwe yìí kò ní ṣòro fún un. Bí ẹ bá ti Ìlọrin bọ̀, tí ẹ dé ìlú Olúpo, títì á pín sí méjì mọ́ yín lójú: ọ̀kan á gbé yín lọ sí Ọ̀fà, èkejì á forí lé Òmù-Àrán. Bí tírélà bá ṣubú dábùú ọ̀nà kan, àwọn awakọ̀ kì í tìtorí ìyẹn sùn sí gáréèjì. Wọn á wá ibòmíràn gbà. Màlúù á ṣáà dé kára, iṣu á ṣáà dé ọjà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ni mo gbé wá lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Inú ara ènìyàn náà ní ọ̀nà, ó ní ẹnubodè, ó sì ní oníbodè. Àrùn kan wà tó máa ń ba ẹnubodè kan jẹ́, tí omi ara á fi máa dà jáde bí ìgbà tí páìpù bá bẹ́, tí òǹgbẹ á sì pa ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Onígbáméjì ni mò ń wí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà. Ọlọ́run ló ní kí ọ̀nà mìíràn wà tí àrùn náà kì í fọwọ́ kàn. Iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀ àti omi ló ń gba ibẹ̀ kọjá, àìmọye ọmọ ló sì tipasẹ̀ rẹ̀ wà láyé lónìí. Púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ pé kí a fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ìdí rẹ̀ ni a kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ kì í tètè ṣì í ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti ọjà àti ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti rí àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Bí oòrùn bá mú tí tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, wọn á wọ́n omi sí i, kò sì ní pẹ́ tí ewé á tún gbérí. Ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ fọ ewúro: kí wọ́n tó fún un dáadáa, omi ewé á ti máa jáde. Ẹni tó bá sì ti da iyọ̀ sí ìgbín lára rí mọ̀ pé kíá ni omi ara rẹ̀ á máa tú jáde. Ta ló fa omi wọ inú tẹ̀tẹ̀? Ta ló fà á jáde lára ìgbín? Kò sí ẹni tó tì í, kò sí ẹni tó pè é. Ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ sí ni omi ń lọ. Inú ewé tẹ̀tẹ̀ ní iyọ̀ àti ṣúgà ju omi tí wọ́n wọ́n sí i lọ, omi bá wọlé. Ìta ara ìgbín ni a da iyọ̀ sí, omi bá jáde. Osmosis ni tíṣà wa pè é ní sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n ní ká kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, a kọ ọ́, a yege ìdánwò, ó parí síbẹ̀.

Ara ewé ni o, ara ìgbín ni o, ara ènìyàn ni o, sẹ́ẹ̀lì ni Ẹlẹ́dàá fi mọ gbogbo wọn, bí ìgbà tí bíríkìlà bá fi búlọ́ọ̀kù mọlé. Ojú lásán kò lè rí sẹ́ẹ̀lì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé ó lé ní 100,000 irú rẹ̀ tí a ó tò lé ara wọn kí ó tó nípọn tó mìlímítà 1. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é, ìpele méjì tó kọjú sí ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé epo àti omi kì í pò. Iyọ̀ àti ṣúgà, tí ilé wọn jẹ́ inú omi, kò lè la ọ̀rá kọjá. Bí kò bá sí ilẹ̀kùn fún wọn, ìta ni wọ́n máa wà títí.

Àwọn kan wà tí kò nílò ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí a bá kán búlúù sínú omi aṣọ, kódà bí a kò rò ó, á tàn dé gbogbo igun bàsíà. Láti ibi tó ti pọ̀ ló ń lọ síbi tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò sanwó, kò kí oníbodè.

Omi ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń fura sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Peter Agre, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló fi í hàn gbangba ní 1992. Ihò tóóró ni, omi nìkan ló ń gbà á kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èrò tó tò láti wọ ọkọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2003.

Irú kẹta ni ilẹ̀kùn tó ń náwó. Nínú awọ sẹ́ẹ̀lì wa, ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbá sódíọ̀mù síta lọ, tọ̀sán-tòru. Sódíọ̀mù yìí ni apá kan nínú iyọ̀ tí à ń jẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá gbá 3 síta, á gba pọ̀táṣíọ̀mù 2 wọlé. Agbára oúnjẹ tí a jẹ ló fi ń ṣe é. Jens Skou, ará Denmark, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí ní 1957, òun náà sì gba Nobel, ní 1997. Ẹ lè ní kí ló dé tí ara á fi máa náwó tó bẹ́ẹ̀ lórí kí a máa gbá nǹkan síta? Ẹ dúró ná. Nítorí pé wọ́n ń lé sódíọ̀mù jáde ní gbogbo ìgbà, inú sẹ́ẹ̀lì kì í ní púpọ̀, ìta ló ti ń pọ̀ jọ, gbogbo ìgbà ló sì ń wá ọ̀nà àtiwọlé padà. Ara wá fi ìwọra rẹ̀ ṣe èrè.

Báyìí ni ó ṣe é. Lára awọ sẹ́ẹ̀lì ìfun, ilẹ̀kùn kan wà tí oníbodè rẹ̀ dà bí kọ̀ńdọ́tọ̀ gáréèjì wa: ọkọ̀ kì í gbéra bí èrò kò bá pé. Sódíọ̀mù 2, ṣúgà 1. Ṣúgà tí mò ń wí níbí ni gúlúkóòsì, ọ̀kan nínú ohun tí ṣúgà inú agolo ń dà bí ó bá dé ìfun. Bí sódíọ̀mù bá dá wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, kò ní wọlé. Bí gúlúkóòsì bá dá wá, bákan náà. Bí wọ́n bá pé, ilẹ̀kùn á yí, gbogbo wọn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì ti wọlé, omi, tó máa ń tẹ̀lé wọn, á tẹ̀lé wọn. Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, ló gbé àlàyé yìí kalẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Prague ní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Kì í ṣe onígbáméjì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ìfun ṣe ń gba ṣúgà nìkan ló ń wádìí.

Ẹ wá wo ohun tí àrùn ń ṣe. Lójúmọ́, omi tó ń gba inú ìfun àgbàlagbà kan kọjá tó nǹkan bíi lítà 9. Èyí tí a mu àti èyí tó wà nínú oúnjẹ kò ju bíi 2 lọ. Ara fúnra rẹ̀ ló ń tú ìyókù sí i láti fi da oúnjẹ. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ìfun tún ń gbà padà. Bí kòkòrò onígbáméjì bá wọ ikùn, ó máa ń tu oró kan, oró náà á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun, á sì fi igi há ilẹ̀kùn kan tí iyọ̀ ń gbà jáde, kò ní lè tì mọ́. Iyọ̀ á máa ṣàn sínú ìfun. Omi ńkọ́? Ẹ ti mọ ìwà omi. Ẹni tó bá mú gidigidi lè pàdánù tó lítà 1 láàárín wákàtí 1. Ojú á wọnú, ohùn á há, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn kò ní rí ohun tí yóò máa tú kiri ara mọ́. Ẹni tó jí kára-le láàárọ̀ lè má rí alẹ́.

Omi lásán kò sì tó láti gbà á là. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọlé, kò sì dá iyọ̀ tó ń bọ́ lọ padà. Ohun tí wọ́n mọ̀ láyé ìgbà náà ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi síni lára. Ó dáa, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọsibítù, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ owó. Abúlé mélòó ló ní i?

Ilẹ̀kùn alájọwọlé yẹn ni oró onígbáméjì kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ba ti ìjáde jẹ́, kò fọwọ́ kan ti ìwọlé. Ní 1968, ní Dhaka, ìlú tó ti di olú-ìlú Bangladesh báyìí, àwọn dókítà ọ̀dọ́ méjì, David Nalin àti Richard Cash, fún àwọn tí onígbáméjì ń ṣe ní omi tí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì mọ́, wọ́n sì rí i pé omi tí wọ́n ní láti fi abẹ́rẹ́ fà sí wọn lára dín kù gidigidi. Ní 1971, ogun lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn láti ibẹ̀ wọ Ìńdíà, onígbáméjì sì bẹ́ láàárín wọn. Dókítà Dilip Mahalanabis wà ní Bangaon, omi abẹ́rẹ́ ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn ń kú nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n wọn iyọ̀ àti gúlúkóòsì sínú ọ̀rá, kí wọ́n pò ó sínú dírọ́ọ̀mù, kí àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n máa fún ènìyàn wọn mu. Níbi tí bíi 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tó kú nínú ẹni tó tọ́jú kò pé 4 nínú 100. Kì í ṣe dókítà ló ń bu omi náà fún wọn o, ará ilé wọn ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹnubodè mìíràn ló bá pàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó sì gbé ọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí lérí. Rédíò ń ké e, àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá: omi igo ẹlẹ́rìndòdò 2, ṣúgà ṣíbí 10, iyọ̀ ṣíbí 1. Ní ọdún 1987, mi ò tíì pé ọmọ ọdún 9, àbúrò mi ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 2 bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru nílé wa l'Àjàṣẹ́. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò lè ké mọ́. Ó ń ké, omi kò jáde lójú rẹ̀.

Màmá mi gbé igo 2 kalẹ̀, wọ́n bu ṣúgà. Ìyá bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ọmọ ni mo fẹ́ pò ó fún, Ìyá."

"Ṣúgà! Fún ọmọ tó ń yàgbẹ́? O ò mọ̀ pé ohun dídùn ló ń dá jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀ ni? Ohun tó ń dà jáde lo tún fẹ́ máa bù sí i?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá pé wọ́n ń kìlọ̀ ṣúgà fún ẹlẹ́jẹ̀díjẹ̀dí? Bí agbada bá sì jò, ṣé omi la tún ń bù sí i? Agboolé kan wà tí kò jìnnà sí tiwa, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n ní kí wọ́n má fún ọmọ lómi kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Inú ọmọ náà gbẹ lóòótọ́. A gbọ́ ẹkún wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Màmá mi kò bá ìyá ọkọ wọn jiyàn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bu omi náà sínú ife. "Ẹ má bínú, Ìyá. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò." Ìyá àgbà tọ́ ọ wò. Wọ́n pa ẹnu mọ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Omijé ni lóòótọ́." Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n mú ṣíbí wá. Ṣíbí kan, wọ́n á dúró. Bí ó bá bì í, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún fún un. Ìdájí ni wọ́n pariwo tó jí gbogbo wa: "Ó tọ̀ sí mi lára o!" Ìtọ̀ ọmọ ni gbogbo ilé ń yọ̀ sí. Àbúrò mi yẹn ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí.

Bí iyọ̀ ṣe nílò ẹni tí yóò bá a wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ náà nílò. Rédíò nìkan kò wọ ilé wa. Nọ́ọ̀sì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ màmá, màmá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ahọ́n ìyá àgbà fúnra wọn ló sì gbé e dé inú wọn. Ẹ wo ohun tí ìṣirò wí. Lọ́dún 1971, nígbà tí onígbáméjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, 22,931 ló mú, 2,945 kú. Ìyẹn lé ní 12 nínú 100. Ní 1991, ó mú 59,478, ó pa 7,654, bíi 13 nínú 100, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti mọ ọ̀nà àbáyọ ní Dhaka. Ìmọ̀ wà, kò dé ibi tí òkú ti ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ́ ní Kwara tiwa lọ́dún 2017, ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí dé òpin oṣù kẹfà, àwọn tí wọ́n fura pé ó mú jẹ́ 1,558, àwọn tó kú jẹ́ 11. Kò pé 1 nínú 100. Ẹni 11 ṣì pọ̀ jù, omi tí kò mọ́ ló sì ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti 1971.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà lónìí. Àpò ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì ló dára jù, nítorí ṣíbí ilé kan kì í bá ti ilé kejì dọ́gba, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ti ayé ìgbà náà máa níyọ̀ jù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ ka ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára àpò, ẹ má ṣe dín in kù. Bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ mú omi tó mọ́ lítà 1, bíi píọ̀ wọ́tà 2 tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ẹ bu ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 tí a gé orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí sí i. Kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ jù, ẹ rántí ìgbín: inú ìfun ni yóò pọ̀ sí, yóò sì máa fa omi jáde lára ọmọ. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́rìndòdò kò fi ṣe é lò. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù, iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Láti 2004 ni àjọ WHO àti UNICEF ti ní kí a fi oògùn zinc kún un fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ má fi oúnjẹ dù ú. Bí ojú bá wọnú, tí ọmọ kò lè mu, tí kò tọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ọsibítù ni o, kíákíá, kí ẹ sì máa fún un mu bí ẹ bá ṣe ń lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn yìí yalé wa. Bí ó bá yà, ẹ má sọ pé omi ń jò jáde, kí ẹ wá dá omi dúró. Ilẹ̀kùn kan bàjẹ́ ni. Èkejì ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ ṣáà gbé ṣíbí.